Oògùn Tó Ń Sọ Igi Di Òwú

...Kò ya wèrè. Ohun tí dókítà sọ fún mi láàárọ̀ yìí nìyẹn. "Màdáàmù, ọkọ yín ò ya wèrè." Ta ló wá fi ọwọ́ fọ́ dígí fèrèsé wa? Ta ló ń pariwo lójú oorun pé wọ́n ń bọ̀ wá pa òun? Ta ló gbá mi létí níwájú àwọn ọmọ, nítorí pé mo... nítorí pé mo kí ará ilé kejì!

Mo ti di ẹrù mi tán. Mo jókòó sétí ibùsùn, mi ò dìde. Ó wà ní pálọ̀ — mò ń gbọ́ bí ife ṣe ń lu eyín rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ti ń gbọ̀n jù.

Oògùn kan ló wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, èédú àti imí-ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, dókítà ní. Ó mọ́ gaara bí omi, ó ń rùn bíi kábéèjì tó jẹrà, kíá ló ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́, páìpù gbígbóná lásán ti tó láti mú kó gbiná. Òun ni wọ́n fi ń yọ́ igi ní iléeṣẹ́ wọn, tí igi fi ń di òwú, tí òwú ń di aṣọ tó ń dán. "Èéfín rẹ̀ máa ń wọ iṣan, á wọ ọpọlọ. Á sọ ẹni jẹ́jẹ́ di oníbìínú."

Ẹni jẹ́jẹ́... Ẹni tó máa ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ adìẹ kó tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní èmi ni. "Ìyàwó, kí lo fún àbúrò mi jẹ?" Èmi! Ọ̀gá rẹ̀ ní ọtí ni — ọkùnrin tí kì í fẹnu kan ọtí. Wọ́n ń fún un ní májèlé fà símú lọ́sàn-án gangan, wọ́n tún ń pè é ní ọ̀mùtí. Ẹ wo ayé.

Obìnrin ni èmi fura sí. Obìnrin wo ló ń fi òórùn kábéèjì jíjẹrà sílẹ̀ lára aṣọ? Ìta ló ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, kì í gbé ọmọ àfi tó bá wẹ̀. Ó kó lọ sùn sí yàrá kejì. Ilẹ̀kùn yẹn, ó máa ń —

Dúró ná.

Ó máa ń tì í látinú, á wá ti kọ́kọ́rọ́ gba abẹ́ rẹ̀ jáde sí mi. Mo rò pé ìwọ̀sí ni, pé ó fẹ́ kí n máa wá ṣílẹ̀kùn fún òun bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Kò lè jáde. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ kó má baà lè jáde.

Ó mọ̀. Ó ń há ara rẹ̀ mọ́lé nítorí wa... Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, èmi náà ni mò ń ṣí i fún un. Á kí mi, á sì kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń pa á.