Ìyá Ètò Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Láti ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ti ní kí akọ̀wé òun ṣètò eré gọ́ọ̀fù ilé-iṣẹ́ àti àsè tí wọ́n ti máa fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ta yọ lẹ́bùn, ni ọkàn obìnrin náà ò ti balẹ̀ mọ́. Ìyá Ètò ni gbogbo èèyàn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà náà ń pè é, torí pé kò sí ìwé tó ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún méjìlá ló ti fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó mọ ìgbà tí inú ọkùnrin náà ń dùn, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn rọra yẹ̀ fún un.

"Oníbàárà wa tó tóbi jù ń bọ̀ lọ́jọ́ náà," ni ọ̀gá wí, kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà. "Mo fẹ́ kí ara tu àwọn èèyàn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí ẹni tó ṣètò tèṣí?"

Ìyá Ètò rántí rẹ̀ dáadáa. Oúnjẹ ló pẹ́ dé orí tábìlì. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti ní kí ọkùnrin náà lọ máa sinmi nílé.

"Mo rántí rẹ̀, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Bí ìbẹ̀rù ṣe wọlé sí i lára nìyẹn. Ó pín àwọn òṣìṣẹ́ sí mẹ́rin-mẹ́rin, ó tún tú wọn ká, torí ọ̀gá àwọn tó ń ta ọjà àti ọ̀gá àwọn tó ń pa ọjà mọ́ ò tíì kí ara wọn láti ìgbà òtútù tó kọjá. Ó ka orúkọ tí wọ́n fín sára ife ẹ̀yẹ mẹ́jọ náà lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Ó pe alásè tó bẹ́ẹ̀ tí alásè ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ wò ó níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ sí tábìlì oúnjẹ, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé eré lẹ fẹ́ lọ ṣe ni, àbí ogun?"

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ wo pápá. Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú koríko ibẹ̀ ló mú un yípo. Ẹsẹ̀ òsì bàbá náà ń wọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìpẹ̀kun pápá, níbi tí àwọn igi gíga wà, bàbá dúró, kò lọ sí abẹ́ wọn.

"Àrá ló ṣe ẹsẹ̀ yìí," ló wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ohun tó jẹ láàárọ̀. "Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ sá sábẹ́ igi ọ̀hún. Èmi dìde, òun ò dìde. Tó o bá ti gbọ́ tí àrá kù, ọmọ mi, má dúró de òjò. Fèrè wà lára ògiri ilé tó wà lẹ́nu pápá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó máa bọ̀ nílé."

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ètò gbàgbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ojú ọ̀run ló ń wò.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ kedere, oòrùn ràn. Ogójì èèyàn ló jáde sórí pápá, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ò gbá gọ́ọ̀fù rí. Ọ̀gá àgbà àti oníbàárà ńlá náà, màmá àgbàlagbà kan tó dé fìlà funfun, jọ lọ ní tiwọn. Títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, nǹkan ń lọ geere. Ìyá Ètò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń to ife ẹ̀yẹ, nígbà tí nǹkan kan kù rìrì níbi tó jìnnà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ." Bàbá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè. "Àmọ́ ọ̀gá wa níbí ní mi ò gbọdọ̀ fun ún àfi tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba pápá bá ní kí n fun ún."

Oòrùn ṣì ń tàn lórí ìdajì pápá. Tó bá dá eré dúró tí òjò ò wá rọ̀ ńkọ́? Ó rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ láti orí tábìlì sínú páálí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí ò rí i. Àrá tún kù lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti sún mọ́ tòsí.

"Ẹ fun ún," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi tí bàbá fi ní kó tún un sọ.

Àwọn èèyàn ń bọ̀, wọ́n ń kùn. Ó kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé: méjìdínlógójì. Ọ̀gá àti màmá ò sí níbẹ̀. Ó pe fóònù ọ̀gá, inú báàgì ọ̀gá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń dún.

Kò wa mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń rìn lórí pápá rí, àmọ́ ó gùn ún. Ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ilẹ̀ sì tẹ́jú lọ réré, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló ga níbẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná kọ, ó dijú, mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú yanrìn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò yí i.

Abẹ́ igi gíga náà ló bá wọn.

"Ta ló ní kí wọ́n fun fèrè?" ni ọ̀gá bi í.

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

"Ihò méjì péré ló kù tá a máa gbá bọ́ọ̀lù sí. Padà lọ. Èmi àti ìwọ máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ìyá Ètò ò lọ. Màmá ti ń rọra gun mọ́tò. "Ọmọ mi, sún fún mi," ló wí. "Láti ìgbà tí àrá ti kọ́kọ́ kù ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo kàn ń tijú láti sọ ni."

Ọ̀gá wo àwọn méjèèjì, ó wo òkè. Ó wá jókòó sẹ́yìn, ọ̀pá irin tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù dúró lórí itan rẹ̀.

"Ẹ ju nǹkan yẹn nù!" Ìyá Ètò jágbe mọ́ ọn, òun tí kò gbóhùn sókè lójú ọkùnrin náà rí. Ọ̀gá jù ú nù.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, wọn ò tíì fa ìjókòó nínú gbọ̀ngàn tí àrá fi sán. Ilé mì, iná lọ, ife ẹ̀yẹ kan ṣubú, ó fọ́. Òjò dé bí ẹni ń da omi láti òkè. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àrá náà balẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jáde lọ wò ó.

Inú ìmọ́lẹ̀ fóònù ni wọ́n ti jẹun ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti pín ẹ̀bùn. Ẹni tí ife rẹ̀ fọ́ gba èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ń ka orúkọ. Kò wo ọ̀dọ̀ akọ̀wé rẹ̀. Ìyá Ètò ò lè gbé ṣíbí. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Ọwọ́ tèmi náà ò tíì yéé gbọ̀n."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ló wí, "inú ilé la ti máa ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ta ló máa ṣètò rẹ̀?"

"Ìwọ náà ni. Ta lo tún rò?"

Ó dúpẹ́, ó sì wọnú òjò lọ, àyà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í já.