Igba Náírà Lójúmọ́ ní Pápá Ọládòṣù

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ ni Ọládòṣù dìde, ó ní láti ọ̀la lọ, gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ pápá ìdílé òun yóò máa san igba náírà lójúmọ́. Ẹ gbọ́ ná! Pápá tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí abúlé náà láti ayé bàbá rẹ̀, tí ọkọ̀ èrò Máíkírà bíi mẹ́fà máa ń wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀.

Mahfuz, àgbà nínú àwọn awakọ̀, ló dá a lóhùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Lóòótọ́, a kì í sanwó. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé aláìsàn abúlé yìí lọ sí ọsibítù? Ṣé a gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí? Ohun tí bàbá yín bá àwọn bàbá wa sọ nìyẹn."

"Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?" ni Ọládòṣù bi í.

Kì í ṣe pé ebi ń pa á o. Ó ti rí i ní Ẹ̀gbẹ́dá bí wọ́n ṣe ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kọ̀, inú sì ń bí i pé ilẹ̀ òun ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí nílé.

"Bàbá Roheem, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Oyún Kifayah ti wọ oṣù kẹjọ."

Kifayah ni ìyàwó Roheem, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Abẹ́òkúta ni Roheem ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ní kí ìyàwó òun wá bímọ sílé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá oyún náà. Ọládòṣù pàápàá kì í sùn kó má gbàdúrà sí i. Síbẹ̀, ó ní kí ló kan oyún nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ó gbé Lazarus, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan ní abúlé náà, sẹ́nu ọ̀nà pápá pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn awakọ̀ san ti ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kó ọkọ̀ wọn lọ sí oríta ọ̀nà Akanran, máìlì mẹ́ta síbẹ̀. Ọládòṣù rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n á padà wá.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rùú ọ̀sẹ̀ kejì, Fàtímọ̀ figbe ta nínú yàrá. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ Kifayah. Ọládòṣù sáré lọ sí pápá láìwọ bàtà. Lazarus nìkan ló bá níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Mọ́tò dà?"

"Mọ́tò wo, Bàbá?"

Ó pe Mahfuz lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé. Kifayah kò lè jókòó sórí ọ̀kadà, nítorí náà Lazarus ló fi ọ̀kadà lọ wá Mahfuz. Gbogbo awakọ̀ ló ti gbé èrò lọ, Lazarus sì ní láti dúró títí Mahfuz fi padà dé oríta. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló ṣíná sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí kan ààbọ̀ ti lọ. Kò bú Ọládòṣù. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn fún un.

"Kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí?" ni nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n ní ọsibítù. Ọmọ ló kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, Kifayah náà tẹ̀lé e. Háà, Ọlọ́run ọba!

Mahfuz ló bá Ọládòṣù pe Roheem, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó sì gbé fóònù fún bàbá náà. Roheem sunkún títí kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, Kifayah fẹ́ bí i sí ọ̀dọ̀ mi níbí. Èmi ni mo ní kó máa bọ̀ nílé, pé mọ́tò kì í wọ́n ní pápá wa. Àbí kò sí mọ́tò ni?"

"Kò sí."

"Báwo ni kò ṣe ní sí, Bàbá?"

Ọládòṣù wo Mahfuz. Mahfuz gbójú sílẹ̀.

"Èmi ni mo lé wọn, ọmọ mi."

Ó dúró kí Roheem fèsì. Nígbà tó yá, Mahfuz rọra gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní Roheem ti pa fóònù tirẹ̀ tipẹ́.