Irùngbọ̀n Fákọ̀yà Ń Retí Òṣùpá

Ìparí ọdún 1972 ni Fákọ̀yà àti Amos ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ lórí rédíò pé àwọn òyìnbó méjì tún ti rìn lórí òṣùpá, wọ́n sì ti padà sílé. Fákọ̀yà, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, búra lójú Amos pé abẹ ò ní kan àgbọ̀n òun títí èèyàn á fi tún débẹ̀. Ó rò pé kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ.

Oṣù mẹ́fà di ọgbọ̀n ọdún. Irùngbọ̀n dé àyà, ó funfun. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bó bá dúró ní Ìyànà Ìyẹsí, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á kúnlẹ̀ fún un pé kí wòlíì súre fáwọn. Tó bá di Jímọ̀, àwọn mìíràn á máa kí i ní àáfà. Kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Gbogbo wọn ló ń súre fún.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí di ọjọ́ tí Ṣóbándé, ọ̀gá níléeṣẹ́ bisikíìtì tí Fákọ̀yà ti ń po ìyẹ̀fun ní Sango, pè é.

"Bàbá, wọ́n rí irun funfun kan nínú bisikíìtì. Ó gùn ju bisikíìtì náà lọ."

"Mo búra ni, sà."

"Ta lẹ búra fún?"

"Òṣùpá."

"Ẹ fá a kó tó di Mọ́ńdè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jókòó sílé kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀."

Ìyàwó Fákọ̀yà, Abísọ́lá, ló ní kó lọ bá Amos kó tú u sílẹ̀. Ní Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àtàn-Ọ̀tà, ó bá Amos níbi tó ti ń fa ẹ̀gẹ́ tu lóko.

"Amos, jọ̀ọ́, tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn."

"Ìbúra wo?"

Fákọ̀yà rò ó fún un. Amos jókòó sórí ebè.

"Mo rò pé o ti di wòlíì ni. Ojú ló ń tì mí tí n ò fi bi ọ́. Ṣé ẹnì kankan ò débẹ̀ mọ́ ni?"

"Wọ́n ní ó wọ́n. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ pé àwọn máa lọ."

"Bíi ti àbúrò mi tó ń bọ̀ wá kan òrùlé ilé bàbá wa," ni Amos wí. "Mo tú ọ sílẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá lọ ní Túsìdeè ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni Fákọ̀yà ń rò títí tó fi dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó fá a ṣáá. Nígbà tó délé, Abísọ́lá dúró, ó ń wo àgbọ̀n tí kò rí rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe kéré tó nìyí?" ló ní, ó sì lọ gbé oúnjẹ wá.

Ní Mọ́ńdè, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ yẹ káàdì rẹ̀ wò, ó béèrè ibi tí bàbá inú fọ́tò wà. Ó di aago mẹ́wàá kí Ṣóbándé tó wá gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ní kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Fákọ̀yà po ìyẹ̀fun títí di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ fáànù ń fẹ́ ẹ lágbọ̀n bí ẹni tó wà níhòòhò.