Ọkọ̀ Méjì Lẹ́yìn Ilé Páì

Ìfura ni oògùn àgbà, Lavonne Riedel sì ti ń lo oògùn yìí láti ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń wa ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn ní ìletò Pickerel láìgba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ náà ti gbó. Nígbà òtútù tó kọjá, ó kú sójú ọ̀nà nínú yìnyín pẹ̀lú Gust Halvorsen nínú rẹ̀, ẹni tí àìsàn ọkàn kì mọ́lẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti awakọ̀ kan tí ń kó wàrà, tí ó so wọ́n mọ́ ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó sì fà wọ́n dé ilé ìwòsàn, òkú ni Lavonne ìbá gbé débẹ̀.

Ìrètí kan ṣoṣo ni ó kù fún ọkọ̀ tuntun: ọ̀kẹ́ mọ́kànlá dọ́là tí ó ṣẹ́kù nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ Tamarack lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ohun méjì ni ó wà níwájú ìgbìmọ̀: ọkọ̀ Lavonne, àti òkúta wẹ́wẹ́ fún ọ̀nà ọjà màlúù. Bí ọjọ́ ìkẹyìn oṣù Kejìlá bá kọjá láìjẹ́ pé wọ́n ti yan ibi tí owó náà ń lọ, Washington ni yóò padà sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Merle Thiessen, alága ìgbìmọ̀, bá a níbi tí ó ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ aláìsàn.

"Lavonne, ṣé o ti jẹun? Páì ápù ti jinná nílé oúnjẹ Jolene o."

"Merle, ìgbà wo lo di apolówó Jolene?"

Merle rẹ́rìn-ín. "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n tó o bá ń lọ, gba ẹ̀yìn ibẹ̀."

Ó gba ẹ̀yìn ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù Arlo Ketterling àti ti Darlys Voss, ọmọ ìgbìmọ̀ méjèèjì yòókù, ni ó bá níbẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ara wọn. Láti ojú fèrèsé, ó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n tẹ orí sórí bébà kan; wọn kò fọwọ́ kan páì iwájú wọn. Ọmọ ìgbìmọ̀ kò ju mẹ́ta lọ, òfin sì ni pé bí méjì bá ti jọ sọ ọ̀rọ̀ ìjọba, ìpàdé ni wọ́n ṣe; ìpàdé kò sì gbọdọ̀ wáyé bí ìkéde rẹ̀ kò bá tí ì lo odindi ọjọ́ kan lára ilẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀. Nítorí òfin yìí, Arlo àti Darlys kì í jókòó sórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe níbi ìsìnkú. Kí ni ó wá kó wọn jọ lónìí? Arlo ní igba màlúù, ọ̀nà ọjà màlúù sì gba iwájú oko rẹ̀ kọjá. Lavonne rò pé òun ti rí ìdí abájọ.

Ní agogo méjì ọ̀sán, ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dìbò, akọ̀wé gbé aago kalẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ta ni fún ará ìlú kọ̀ọ̀kan. Lavonne dìde.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Arlo àti Darlys ti ṣèpàdé láàárọ̀ yìí nílé Jolene. Ojú mi báyìí ni mo fi rí wọn."

"Lavonne, jọ̀ọ́, jókòó," ni Darlys wí.

"Mi ò jókòó! Ìṣẹ́jú méjì ṣì kù fún mi. Arlo, ṣé páì lẹ ń pín ni, àbí owó wa?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Arlo kò rẹ́rìn-ín.

"Owó ni," ni ó dáhùn. "Mi ò ní purọ́."

Merle kọjú sí lọ́yà ìjọba ìbílẹ̀. "Kí lòfin wí?" Ó béèrè bí ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn.

"Ohun yòówù tí wọ́n bá jọ sọ níbẹ̀, ẹ ò lè dìbò lé e lórí lónìí, sà. Àfi kẹ́ ẹ tún un kéde. Ó di ọ̀la nìyẹn, owó á sì ti lọ."

"Arlo, kí lẹ sọ níbẹ̀?"

Darlys ló dáhùn. Ó yí bébà náà sí Lavonne: iye owó ọkọ̀ aláìsàn tuntun ni, Arlo sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "mo gbà" sábẹ́ rẹ̀.

"Ọkọ̀ tìẹ ni, Lavonne. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bẹ Arlo. Òní ló gbà. A ò tiẹ̀ dárúkọ ọ̀nà rárá."

"Ọ̀nà ló kù nìyẹn," ni Merle wí. "Àbí kí owó padà?"

Merle nawọ́ sókè fún ọ̀nà. Arlo náà nawọ́ díẹ̀díẹ̀. Darlys kò na tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò méjì ti tó: ọ̀nà ni ó gba owó náà.

Ní ìta, Darlys bá Lavonne lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé a wà níbẹ̀?"

"Merle."

"Ta ló ni kòtò tí wọ́n á ti wa òkúta?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Pickerel pé àna Merle ló ni ín. Lavonne ti fura sí gbogbo ẹni tí ó wà nínú yàrá náà, àfi ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Ẹ̀rọ ìpè tí ó fi kọ́ àyà dún: arúgbó kan ti ṣubú lẹ́bàá adágún. Lavonne kó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí; ó dákẹ́ síbẹ̀.

Arlo ti ń fa wáyà bátìrì jáde lẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì," ni ó wí.