Emil Kò Kó Yìnyín Mọ́

Láti àárọ̀ ni ìdí Emil Kovalik ò ti gbé àga. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á lọ sídìí fèrèsé, á fi ìka kan ṣí kọ́tìnì díẹ̀, á yọjú wo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀, á sì tún yára fi kọ́tìnì sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kí ló wà níta? Yìnyín ni. Yìnyín ọjọ́ mélòó kan, tí àwọn èèyàn ti fi bàtà tẹ̀ pọ̀, tí oòrùn yọ́ lójú díẹ̀, tí òtútù òru sì tún mú un dì gbagidi, tó wá ń dán. Ṣọ́bìrì Emil wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó máa ń wà. Kò fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó bá mọ Emil á ní irọ́ ni mò ń pa. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, nílùú Erie létí adágún, ní Amẹ́ríkà, ta ni ò mọ ṣọ́bìrì Emil? Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lẹ ó ti máa gbọ́ ọ, ràù, ràù, lórí sìmẹ́ńtì. Ìró yẹn ló ń jí àwọn míì lọ síbi iṣẹ́. Òfin ìlú sọ pé onílé ni yóò gbá iwájú ilé rẹ̀, ẹni tí ò bá gbá a yóò sanwó ìtanràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí òfin ni Emil ṣe ń gbá tiẹ̀. Iyì ló kà á sí. Bó bá ṣe tiẹ̀ tán, á ré kọjá ààlà, á gbá ti Rosalba Dinardo, opó tó ń gbé ilé kejì, á da iyọ̀ sí i kó má baà dì, á wá wọlé lọ mu kọfí rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ Rosalba ti kú ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sì gba ìdúpẹ́.

Kí ló wá dé? Vern ló dé.

Àbúrò ìyàwó Emil ni Vern. Ìyàwó ti kú, àna ò kú. Vern ṣì ń wá jẹun lọ́jọ́ Sunday bó ṣe ń wá nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Ó jẹun tán lọ́jọ́ kan báyìí, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ń fi igi tayín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ń gbá yìnyín kiri?"

"Kí n má gbá a kẹ̀?"

"Ha! Ẹ fẹ́ sọ ilé nù nìyẹn o. Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa, ó gbá tiẹ̀ mọ́ tónítóní, bí àwo tí ajá lá. Omi díẹ̀ ló ṣẹ́kù, ó dì. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ yọ̀, ó fìdí gúnlẹ̀. Lọ́yà dé! Lọ́yà ní ẹni tó gbá a ló jẹ̀bi, torí òun ló fọwọ́ kàn án. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ lò ń pa."

"Kí n má rí ọ̀la bí mo bá purọ́. Yìnyín tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn, ti Ọlọ́run ni. Ẹni tó bá yọ̀ lórí ẹ̀, kó lọ pe Ọlọ́run lẹ́jọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ti fi ṣọ́bìrì kàn án báyìí, ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ìjọba ìlú ńkọ́? Owó ìtanràn ńkọ́?"

"Owó ìtanràn! Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ìtanràn àti ilé, ẹgbẹ́ ara wọn ni?"

Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, èmi ò mọ̀. Vern kì í ṣe lọ́yà, mótò ló ń tún ṣe, kò sì mọ ìyẹn náà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dun Emil gan-an ló fìka tẹ̀. Ilé yẹn ni gbogbo ohun tí Emil rí kó jọ láyé. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ irin ló ti fi etí ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀, torí kí ilé lè di tirẹ̀. Nínú yàrá iwájú ni Marcella ìyàwó rẹ̀ kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí fèrèsé, àwọn aṣọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó kó wọn sí. Bí wọ́n bá gba ilé, wọ́n á fún un ní yàrá kan níbi tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí, òórùn Marcella ò sì ní bá a dé ibẹ̀. Ohun tó ń ba Emil lẹ́rù nìyẹn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Yìnyín wá rọ̀. Emil jí bó ṣe ń jí, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó mú ṣọ́bìrì, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Vern ń ro létí rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tún un wọ̀, ó tún un bọ́. Níkẹyìn ó gbé ṣọ́bìrì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ jókòó, ìdí ò sì gbé àga láti ìgbà náà.

Ti Rosalba ńkọ́? Ó ní òun ò ní gbá ìyẹn náà. Bí òun bá fọwọ́ kan ti ara òun, ó ti burú, kí òun tún wá lọ fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn? Bẹ́ẹ̀ ló dúró lẹ́yìn kọ́tìnì tó ń wo Rosalba, obìnrin tí eékún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, tó fi ìgbálẹ̀ ilé ìdáná ń gbá ojú ọ̀nà tóóró láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé títì. Ó ń gbá, ó ń sinmi, ó ń wo ọ̀kánkán ilé Emil. Ojú ti Emil débi pé ó lọ sí ilé ìdáná, ó ń fọ ife tó ti fọ̀.

Fóònù dún. Ó mọ̀ pé Rosalba ni. Kí ló fẹ́ sọ fún un? Pé òun ń bẹ̀rù kí ó má baà ṣubú kó pe òun lẹ́jọ́? Kò gbé e. Fóònù dákẹ́, ó tún dún. Ọjọ́ kejì ó tún dún. Emil fi ìrọ̀rí bò ó, ṣùgbọ́n ohun tó ń dún nínú ìrọ̀rí tún burú ju èyí tó ń dún níta lọ. Ó pa tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú kò tan iná, torí bí iná bá tàn, wọ́n á mọ̀ pé ó wà nílé, wọ́n á sì máa bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí kò jáde. Àgbàlagbà ń rìn tọ́ọ́tọ́ọ́ nínú òkùnkùn ilé ara rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àga. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kó ọkàn rẹ̀ sókè. Àwọn ọmọbìnrin iléèwé kọjá, wọ́n na apá sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹyẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Emil dì mọ́ férémù fèrèsé títí wọ́n fi dé ọ̀hún. Ọkùnrin tó ń fa ajá wo ilẹ̀, ó wo ilé, ó mi orí, ó sọdá sí òdìkejì. Ẹni tó ń pín lẹ́tà dé ẹnu géètì, ó padà. Ní gbogbo ìgbà ni Emil ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Rọra o. Rọra, jọ̀ọ́." Ẹ wá sọ fún mi: ẹni tó lè dúró máa ṣàdúrà bẹ́ẹ̀ lórí yìnyín, ṣé kò sàn kó lọ gbá a kúrò?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀kùn Rosalba ṣí. Ó jáde, ó fi aṣọ ìnura wé ìkòkò kan, ó gbá a mọ́ àyà pẹ̀lú apá òsì. Kò yà sí títì. Ọ̀dọ̀ Emil ló kọjú sí.

Emil sún mọ́ fèrèsé. "Padà sílé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Rosalba, padà sílé."

Rosalba ò padà. Ó dé ààlà ibi tí ojú ọ̀nà rẹ̀ pin sí, ó fi bàtà tọ́ yìnyín Emil wò, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún di irin ọgbà mú. Ó ń fà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, irin kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Emil fẹ́ ṣí fèrèsé kó pariwo. Bó bá pariwo, Rosalba á mọ̀ pé ó wà nílé. Ó mú kọ́tìnì, ó fi sílẹ̀, ó tún mú un. Rosalba dúró, ó gbójú sókè. Lójijì ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára irin, ọwọ́ náà fò sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì lọ. Emil gbọ́ ọ láti inú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí kan ló fi ń gbọ́ràn.

Kò rántí bàtà. Sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló fi jáde, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi orúnkún balẹ̀, ó rá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkòkò ti yí lọ, ọbẹ̀ ẹ̀wà ti dà sórí yìnyín, ó ń rú èéfín. Rosalba wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ kan yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí.

"Emil," ó ní. "O ò kú."

"Mi ò kú. Má mira, jọ̀ọ́, má mira." Ó ti bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀, ó fi bò ó, ó ń tẹ fóònù tó fà yọ lápò, ó ń sọ fún àwọn áńbúláǹsì pé kí wọ́n tètè máa bọ̀.

"O ò kú!" Omi bọ́ lójú obìnrin náà. "Mo pè ọ́ títí. Iná ò tàn. Yìnyín wà níwájú ilé rẹ, ìwọ Emil! Mo ní ọkùnrin yìí ti ṣubú sí balùwẹ̀, ó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mi ò sùn. Kí ló ṣe ọ́? Àìsàn ni?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Emil. Ó kàn ku kó sọ pé àìsàn ni, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò lè sọ ọ́.

"Vern ló ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó ní bí ẹnì kan bá ṣubú lórí èyí tí mo gbá, wọ́n á gba ilé lọ́wọ́ mi."

Rosalba tẹjú mọ́ ọn. "Vern," ó ní. "Vern tó tún mótò mi ṣe, tó jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ?" Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ìrora sì mú un, ó di apá Emil mú títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́. "Ò ń gbọ́ fóònù yẹn."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Ò ń ro ti ilé. Èmi ń ro ẹni tí yóò palẹ̀ òkú rẹ mọ́."

Emil fa súwẹ́tà náà gòkè dé ọrùn rẹ̀.

Áńbúláǹsì dé. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, àwọn náà ń yọ̀, wọ́n ń di ara wọn mú. Obìnrin náà kúnlẹ̀ ti Rosalba. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Níwájú ilé mi ni mo ti ṣubú," Rosalba dáhùn wàrà, kò wo ojú Emil. "Ilé kejì yẹn. Mi ò gbá a dáadáa. Ọkùnrin yìí ló gbé mi wá síbí."

Ọbẹ̀ ẹ̀wà wà nílẹ̀ níbẹ̀ o, níwájú géètì Emil, ajá pàápàá á mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn. Ilé Emil dúró lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé Marcella. Kó sáà panu mọ́ ni, ilé ti yè bọ́.

"Irọ́ ni," Emil ní. Ohùn rẹ̀ ké ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ibí ló ti ṣubú. Iwájú ilé mi ni. Mi ò gbá a. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá," obìnrin áńbúláǹsì sọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "ibi tó ń dùn wọ́n ni mo fẹ́ mọ̀."

"Òpònú!" Rosalba pariwo mọ́ Emil. "Ta ló bi ọ́?" Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, Emil sì dì í mú.

Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n rọra ń tì í lọ sídìí ọkọ̀, Emil ń bá wọn lọ pẹ̀lú sílípáàsì tó ti rin gbingbin. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò mọ̀gbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi irin sílẹ̀? O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì. Ò bá dì í mú, Rosalba, ò bá kàn dì í mú."

"Mo rí i tí kọ́tìnì rẹ mì," Rosalba ní. "Mo ní, ha, ó wà láàyè. Mò ń juwọ́ sí ọ ni."

Wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.