Kóró Kòkó Méjì Tí Wọ́n Là Fún Mi

Kóró kòkó ni wọ́n fi lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ họ́kì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi Oyin, ọmọ àgbẹ̀ ará Ajue, tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù kiri pápá láàárọ̀ kí àwọn yòókù tó jí, kóró kòkó ló ní n kò tó lọ.

Ọdún tí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ni. Ìjọba ológun ti dá owó eré ìdárayá dúró, owó ọkọ̀ sì ti ga. Wọ́n fẹ́ kó ọmọbìnrin mọ́kànlá láti agbègbè Odìgbó lọ sí ìdíje ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ti Ago Alaye kò rí ọkọ̀ wọ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òrè kí a jọ dán ara wa wò. Ni Tíṣà Adégbóyè tó ń kọ́ wa ní họ́kì bá gbé páálí kan jáde. Ó ti fi báírò ya pápá sí i, ó sì gé káàdì fún oníkálukú wa. Eré tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni, pé kí ènìyàn jókòó sídìí tábìlì kó máa darí ẹgbẹ́ họ́kì.

Aládùúrà ni Tíṣà, kò jẹ́ fọwọ́ kan dáìsì lúdò, ó ní tẹ́tẹ́ ni. Kòkó ló ń là, bí àwọn tó ń yẹ kòkó wò ṣe máa ń là á. Iye tó wà lórí káàdì rẹ ni iye kóró tí yóò là fún ọ. Bí inú kóró bá dára, o gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bó bá ti bu, o pàdánù. Ẹni tí kóró tirẹ̀ tó dára kò bá pé mẹ́ta kò ní lọ sí Àkúrẹ́.

Méjì ló wà lórí káàdì mi. Bí mo ṣe gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó kọjá ló fi kọ ọ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ó là méjèèjì, méjèèjì dára. Ó ní, "Oyin, pẹ̀lẹ́. Kò pé."

Ṣé ó lè pé ni? Wọ́n wá là márùn-ún fún Magdalene ará Ago Alaye, tó ti pa họ́kì tì láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Mẹ́ta dára níbẹ̀. Magdalene wọlé.

Inú bí mi. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún eré yín ṣe. Kí káàdì ẹni tó ń ṣe ìdánrawò máa gòkè, kí ti ẹni tó jókòó sílé máa wálẹ̀. Kí ẹ sì wá kòkó tó gbẹ. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú bọ́ọ̀dù tó ń yẹ kòkó wò ká, tútù ni wọ́n ń rà á."

Ojú Tíṣà tàn. "O lọ́pọlọ, Oyin. Èyí dára. Èyí náà dára." Ó ń kọ wọ́n sẹ́yìn páálí.

"Èmi ńkọ́, sà? Pápá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sáré fún yín."

"Ohun tí n kò lè ṣe fún gbogbo yín, n kò ní ṣe é fún ẹnì kan. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó lo àtúnṣe rẹ."

Fọ́ọ̀mù fáìfù ni mo wà. Ọdún wo ló tún ń bọ̀ fún mi níbẹ̀? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà o, páálí ló ń wò.

Mo ní, "Ó ku ẹyọ kan, sà. Kí tíṣà náà ní káàdì. Iye ìgbà tó jáde sí pápá ní táàmù yìí ni kí ẹ kọ sí i."

Èyí tilẹ̀ dùn mọ́ ọn jù. Ó gé káàdì lójú ẹsẹ̀. "Mélòó ni kí n kọ fún ara mi?"

"Méjì, sà."

Ó wo pápá lójú fèrèsé. Ó kọ méjì, ó sì la kóró méjì fún ara rẹ̀. Ọ̀kan ti bu. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tí wọ́n ń lọ sí Àkúrẹ́, mo gbé ọ̀pá mi lọ sí gáréèjì Òrè, bóyá ẹnì kan kò ní wá. Magdalene wá. Gbogbo wọn wá. Tíṣà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, páálí wà lórí itan rẹ̀. Mo lọ bá a lójú fèrèsé.

"Tíṣà, tiyín náà kò pé mẹ́ta."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà. "Ìyẹn kẹ̀? Oyin, eré la fi ìyẹn ṣe."

Awakọ̀ bá wa mọ́tò lọ.