Pákó Tó Ń Ké Lẹ́nu Ọ̀nà

Ilẹ̀ pákó tí mo bá tẹ́ kì í ké. Ogún ọdún ni mo ti fi ń yangàn bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Bí pákó bá ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, inú mi á ru bíi pé wọ́n bú ìyá mi.

Nígbà tí wọ́n wá pè wá sí pósófíìsì àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ sọ di ọ́fíìsì alájùmọ̀lò, kí kálukú lè gba tábìlì tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà, inú mi dùn. Pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ké. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í hú u láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, a sì ń tẹ́ tuntun dípò rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Òun ló ń kí àlejò, òun ló ń fún àwọn oníyàrá ní kọ́kọ́rọ́; ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń to lẹ́tà nínú ilé náà. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, "Onípákó, ṣé o ò ní ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ti àtijọ́ níwájú mi níbí?"

"Ìyá, a kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀." Mo fi ìkanra sọ ọ́, mi ò purọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, a ti hú ti àtijọ́ tán; pákó tuntun kan péré ló kù ká tẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé, ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa, jáde láti yàrá rẹ̀ lẹ́yìn, ó gba orí pákó tuntun wá, ó dúró níwájú tábìlì ìyá. Ìyá kò kí i. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wúkọ́, ìyá ta gìrì.

"Ìyá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó kọjá. Ìyá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀; ó kó ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ra.

Àbúrò mi lọ jókòó tì í. Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ojú mi ti lọ tán. Òjìji lásán ni mò ń rí. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; ní tèmi, etí ni. Igbe pákó ló ń sọ ẹni tó ń bọ̀ fún mi. Ọ̀gá máa ń tẹ pákó lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, agbálẹ̀ a máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Sinmi síbo? Èmi àti ògiri ló kù nílé."

Ojú tì mí. Mo ní kí àbúrò mi gbé ìfági wá.

Mo ṣebí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni láti mú kí pákó tuntun ké. Mo tẹ́ pákó kan láìfi gúlù sí i, kò ké. Mo yọ ìṣó méjì, kò ké. Mo fá igi ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀, pákó dákẹ́ bí ọmọ tó jẹ̀bi. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tí kò mọṣẹ́ lọ."

Ìgbà tí mo fá igi náà lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo kan ìṣó kan péré sí ẹ̀gbẹ́ kí pákó lè máa họ ọ́ lára, ló tó ké. Ìyá gbórí sókè.

"Ẹ̀hẹ́n," ó ní, jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé wá yẹ iṣẹ́ wò. Ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ já, kò gbọ́ nǹkan kan, orí rẹ̀ wú. Ó dé ẹnu ọ̀nà: kín-ín, kín-ín.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ wí, kò tiẹ̀ yíjú.

Ọ̀gá dá a lóhùn, ó wá wò mí. "Pákó yìí ń ké. Wọ́n sì ní ẹ mọṣẹ́."

Ó dùn mí wọ eegun. Ṣùgbọ́n mo gbé e mì. "Àṣìṣe mi ni, sà."

"Ẹ padà wá tún un ṣe."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mo gbé àpótí irinṣẹ́, mo gba orí pákó náà jáde.

"Ó dàbọ̀, onípákó," Ìyá ní. "Apá ọ̀tún lo fi gbé ẹrù lónìí. Apá òsì ni lánàá."

Ó ti pé ọdún méjì. Mo ṣì máa ń yà kí i; mo tẹ pákó, Ìyá á sì ti pè mí kí n tó la ẹnu. Mi ò tíì tún un ṣe.